Ẹ Má Fojú Kéré Iṣẹ́ Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè mí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá bá yín sọ ni èrè tó wà nínú kí ọ̀dọ́ fi àbójútó ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láyé ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ ní tààràtà. Kò sí iṣẹ́ púpọ̀ tó máa gbé owó, ọjà àti èèyàn lé ọmọ ọdún 23 lọ́wọ́ pa pọ̀, tó sì máa jẹ́ kó mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an bóyá ohun tó ṣe dáa àbí kò dáa. Iṣẹ́ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wà lára ìwọ̀nba tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dúró lé.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan wà níbí tí wọ́n ń sọ nínú ọkàn wọn pé, "Ṣé torí kọ́mọ mi lè lọ máa dúró ti kàǹtà ni mo ṣe rán an níléèwé?" Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn máa tajà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn máa bójú tó o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kò bá ṣe ti àkọ́kọ́ rí kò lè mọ ti ìkejì dunjú. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ló ń pinnu iye ọjà tí wọ́n máa béèrè. Òun ló ń to rósítà, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó máa ṣe é, kí ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn àárọ̀ àti ẹni tó máa tì í lálẹ́ lè mọ ara wọn. Òun ló ń gba èèyàn síṣẹ́, òun ló ń kọ́ wọn, nígbà míì òun náà ló máa sọ fún ẹnì kan pé kó máa lọ. Bí owó bá dín, òun ni wọ́n máa bi. Bí ẹnì kan bá yọ̀ ṣubú torí omi tó dà sílẹ̀, bí ọkọ̀ akẹ́rù kò bá dé lásìkò, òun náà ni. Ní ọ́fíìsì ńlá, èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ló máa pín iṣẹ́ yẹn ṣe, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á sì máa bá ọ̀kan ṣoṣo lára wọn to ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo wákàtí kan péré, èyí tó ṣáájú kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó tanná, ó wo àkọsílẹ̀ àná. Kí ló tà? Kí ni kò tà? Ó wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà wọlé, ó rìn yí ṣọ́ọ̀bù po láti ibẹ̀, torí ohun tí oníbàárà ń rí kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ tó gba ẹ̀yìn wọlé ń rí. Bó ṣe ń lọ, ó rí àlàfo kan lórí pẹpẹ. Ọjà kan ti tán níbẹ̀. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní ó ṣì ku méjìlá.

Níbo ni méjìlá ọ̀hún wà? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣì wà nínú páálí ní yàrá ẹ̀yìn, tí ẹni tó yẹ kó kó wọn síta kò ráyè. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti jí wọn. Ó lè jẹ́ pé wọn ò tiẹ̀ wọlé rárá, pé ẹni tó gba ẹrù kàn buwọ́ lùwé láìka ohun tó wà nínú páálí. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti tà wọ́n, àmọ́ ẹni tó wà nídìí kàǹtà tẹ ọjà míì tó jọ ọ́. Àlàfo kan ṣoṣo, ìdí mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, rósítà ló yẹ kó tún tò. Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, á tún ibi tí ọjà náà wà gbé yẹ̀ wò. Ti ìkẹta kan bí wọ́n ṣe ń gba ẹrù. Ti ìkẹrin kan ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́, tàbí tí wọn ò kọ́ ọ. Bí ọ̀gá náà bá sì sáré pariwo olè nígbà tí ọjà wà nínú páálí, ó ti ba àárín òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ́ lásán. Ẹni tó bá ń ṣe irú ìwádìí yìí lójoojúmọ́ fún ọdún méjì, ọ̀nà tó ń gbà ronú á yí padà. Kò ní máa dúró síbi ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gboyè ti ń kọsẹ̀. Ká ní ọjà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù ń rà ní 80, tó ń tà ní 100. Ẹ fi orúkọ owó tó bá wù yín sí i, bákan náà ló máa rí. Èrè orí rẹ̀ jẹ́ 20. Ọjà ò yá, ọ̀gá tuntun bá ní, "Ẹ jẹ́ ká yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí ẹ̀." Létí, ẹ̀dínwó kékeré ni. Àmọ́ 90 ló ń tà á báyìí, 80 náà ni wọ́n ṣì rà á, èrè ti di 10. Ìdajì èrè ti bá ẹ̀dínwó lọ. Kó tó lè rí iye èrè tó ń rí tẹ́lẹ̀, àfi kó ta ìlọ́po méjì ohun tó ń tà. Bí wọ́n bá wá jí ẹyọ kan ṣoṣo lọ, 80 ti wọlẹ̀ nìyẹn. Àfi kó ta mẹ́rin míì ní 100 kó tó dí ihò yẹn. Nínú 20 yẹn náà sì lowó ilé, owó iná, owó oṣù àti owó orí ti máa jáde.

Mo ti bá àwọn tó kàwé ìṣirò owó ṣiṣẹ́, tí wọ́n lè ka gbogbo èyí fún yín lórí. Kíkà yàtọ̀ sí kó ká ọ mọ́. Nígbà tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lu ẹ̀dínwó, tí èrò wọ́, tí pẹpẹ gbẹ, tí gbogbo èèyàn ń yọ̀, tí ìwé oṣù wá dé tí èrè sì lọ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ yẹn kì í kúrò lára. Yóò sì tún kọ́ ohun kan tó le ju ìyẹn lọ: ṣọ́ọ̀bù lè máa jèrè lórí ìwé kó má sì lówó lọ́wọ́. Ọjà tó jókòó sórí pẹpẹ fún oṣù mẹ́fà, owó ni, àmọ́ kò ṣeé san gbèsè. Ẹni tó kó ọjà wá fẹ́ gbowó rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń retí owó oṣù. Ohun tí ń pa ọ̀pọ̀ òwò nìyẹn, kì í ṣe àìrí oníbàárà. Ẹni tó bá ti mọ èyí kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo lè fi òwò lé e lọ́wọ́.

Ní ti olè jíjà àti owó tó ń sọnù, ọjọ́ ti pẹ́ táwọn oníṣòwò ti ń wá ọgbọ́n sí i. Ní 1879, James Ritty, tó nílé ọtí nílùú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ agbowó tó ń ka iye tí wọ́n bá gbà, torí pé àwọn kan lára òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fi owó oníbàárà sápò. Látinú ẹ̀rọ yẹn ni èyí tó wà nídìí kàǹtà kárí ayé ti ṣẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni pé ètò ni Ritty wá, kò wá ariwo. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́ máa ní kí èèyàn méjì jọ ka owó alẹ́, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú. Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Olóòótọ́ pàápàá á dúpẹ́, torí pé bí owó bá dín, ẹlẹ́rìí wà.

Ọ̀rọ̀ ọjà fúnra rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹ̀yìn kàǹtà ni ọjà máa ń wà. Oníbàárà á sọ ohun tó fẹ́, òṣìṣẹ́ á lọ mú un wá. Ní 1916, Clarence Saunders ṣí ṣọ́ọ̀bù Piggly Wiggly nílùú Memphis, ní Amẹ́ríkà, ó ní kí oníbàárà gbé agbọ̀n, kó wọlé, kó mú ohun tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ibi tí wọ́n gbé ọjà sí ti di ọ̀rọ̀. Èyí tó wà níwájú ojú, èyí tó wà nísàlẹ̀ tí èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí, èyí tí wọ́n gbé ti èkejì rẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù lè gbé ọjà kan kúrò nísàlẹ̀ sókè láàárọ̀, kó sì rí ìyàtọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bi àwọn tó wà nídìí ìpolówó ọjà láwọn ilé iṣẹ́ ńlá bóyá wọ́n ń rí èsì iṣẹ́ wọn kíá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di June 26, 1974, ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan nílùú Troy, ní Ohio yẹn náà, wọ́n fi ẹ̀rọ ka bákóòdù, ìyẹn àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín tó máa ń wà lára ọjà, fún ìgbà àkọ́kọ́ nídìí kàǹtà. Páálí ṣingọ́ọ̀mù kan ni. Ohun tó tìdí ẹ̀ jáde kì í ṣe pé ìlà èrò dín kù nìkan. Ṣọ́ọ̀bù wá lè mọ ohun tó tà, ìgbà tó tà á, àti ohun tí wọ́n rà pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dọ́ tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù lónìí ń fọwọ́ kan irú àkọsílẹ̀ tí àwọn kan ń san owó ilé ẹ̀kọ́ gọbọi láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Àǹfààní tòun ni pé bí nọ́ńbà bá sọ ohun tó ṣàjèjì, ó lè dìde kúrò lórí àga kó lọ wo pẹpẹ náà.

Ẹ má sì rò pé ìmọ̀ pẹpẹ kò wúlò níbòmíì. Taiichi Ohno, ẹni tó ṣètò bí ilé iṣẹ́ Toyota ṣe ń ṣe mọ́tò, sọ ọ́ gbangba pé ara súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà lòun ti rí àwòkọ́ṣe. Oníbàárà mú ohun tó fẹ́, lásìkò tó fẹ́ ẹ, níwọ̀n tó fẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wá fi òmíì dípò kìkì ohun tí wọ́n mú. Òun náà ní kí ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ máa lọ mú ohun tó nílò lọ́wọ́ ibi tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ohun tí wọn ò tíì béèrè. Àwọn ọdún 1950 ló bẹ̀rẹ̀ èyí, ó sì tàn dé ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ọmọ tó ń kó ọjà jáde láti yàrá ẹ̀yìn láàárọ̀, ohun tí àwọn ẹnjiníà ń lọ kọ́ ló wà níwájú rẹ̀ yẹn, bí ẹni tó gbà á síṣẹ́ bá ráyè ṣàlàyé fún un.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ràn jù, èyíinì ni èèyàn.

Ọ̀dọ́ tó bá di ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù máa bá àwọn tó jù ú lọ nídìí iṣẹ́. Á bá ìyá kan tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, tó mọ orúkọ àwọn oníbàárà, tó mọ ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀, tó sì ti rí ọ̀gá mẹ́fà tó wá tó lọ. Ìyá yẹn kò ní bá a jà. Á kàn máa wò ó. Ìwé ẹ̀rí kò ràn án níbẹ̀. Ohun tó ràn án ni bó ṣe máa sún mọ́ ìyá náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó ní, "Mà, ẹ ti pẹ́ níbí jù mí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé ó ń dí wa lọ́wọ́ jù?" Kó gbọ́. Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó sì ṣe ọ̀kan lára rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn àgbà ló ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ ọmọ náà ní láti jẹ́ kí àgbà mọ̀ pé òun fẹ́ kó bá òun tọ́jú orí ọ̀hún.

Kò wá túmọ̀ sí pé kó máa bẹ̀rù wọn o. Ọjọ́ á dé tó máa ní láti sọ̀rọ̀. Ká ní ọ̀gbẹ́ni kan ń pẹ́ dé. Ọ̀gá tí kò tíì gbọ́n á pariwo mọ́ ọn lójú oníbàárà. Èyí tó ń gbọ́n bọ̀ á pè é sí yàrá ẹ̀yìn, á gbé àkọsílẹ̀ síwájú rẹ̀, á ní, "Ọjọ́ mẹ́rin lẹ pẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Á wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ṣòro jù fún ọ̀dọ́. Ó lè gbọ́ pé wọ́n yí àkókò ọkọ̀ tó ń wọ̀ padà. Ó lè gbọ́ pé rósítà tí òun ọ̀gá fúnra rẹ̀ tò kò fún un ní àyè oorun, torí ọ̀gbẹ́ni náà ló tilẹ̀kùn lóru, rósítà sì tún ní kó wá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Ó sì lè gbọ́ àwáwí. Ó máa kọ́ láti fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì kọ́ láti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá tún ṣẹlẹ̀, kó sì ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ sí i lórí rósítà, torí àwọn tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí rò pé ìwé lásán ni. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń mọ̀ bóyá ọ̀gá jẹ́ olódodo. Ta ló ń sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀? Ta ni wọ́n máa ń pè nígbà tí ẹnì kan bá ṣàìsàn? Ṣé ẹni tí kì í ráhùn ni wọ́n ń di ẹrù lé lórí? Àwọn òṣìṣẹ́ ń ka nǹkan wọ̀nyí ju bí ọ̀gá ṣe rò lọ, wọ́n sì ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn ṣí gbogbo ìwà rẹ̀. Èèyàn tó bá lè to rósítà tí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa wò tí wọ́n á sì ní, "Ó dáa," ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín ohun tí kò tó.

Gbígba èèyàn síṣẹ́ wà níbẹ̀. Dídá èèyàn dúró náà wà níbẹ̀, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ó rọrùn. Ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́, èèyàn lè lo ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó ní kó jókòó síwájú ẹni tó ń wáṣẹ́ kó pinnu. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù lè ṣe é ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà míì á yan ẹni tó dáa, nígbà míì á ṣi èèyàn yàn, á sì máa bá ẹni tó yàn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ojú èèyàn ṣe ń là nìyẹn.

Ní ti oníbàárà tó ń bínú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan dé pẹ̀lú ọjà tó bà jẹ́, ó ń pariwo, èrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́ yìí ní ìṣẹ́jú méjì. Á kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, torí ẹni tí wọn ò gbọ́ kì í dákẹ́. Á béèrè ohun tó fẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fẹ́ kéré sí ohun tí ọ̀gá ń bẹ̀rù. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ohun tó ń béèrè kò tọ́, ó sì ti ń bú òṣìṣẹ́. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kó sì dúró ti èèyàn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kò ní gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ẹ lè ní kí n dárúkọ ẹni tí ọ̀nà yìí gbé dé ibì kan. Ní 1940, Sam Walton, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ ọdún 22, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì Missouri. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ mú ni ti ẹni tí wọ́n ń kọ́ láti di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù J. C. Penney kan nílùú Des Moines. Ní 1945, ó gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nílùú Newport, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ó tà débi pé nígbà tó di 1950, onílé kọ̀ láti tún ilé náà háyà fún un, ó fẹ́ ẹ fún ọmọ tirẹ̀, ìwé àdéhùn kò sì fún Walton lẹ́tọ̀ọ́ kankan láti dúró. Ó pàdánù ṣọ́ọ̀bù tó ń mówó wọlé gidigidi. Ó lọ ṣí òmíì níbòmíì, ní 1962 ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti Walmart, ilé iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà káàkiri Amẹ́ríkà báyìí, nílùú Rogers, ní Arkansas yẹn náà. Ẹ wo ohun tí ìwé àdéhùn kan kọ́ ọ, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì jẹ́ kó lè tún bẹ̀rẹ̀.

Doug McMillon bẹ̀rẹ̀ ní Walmart yẹn náà ní 1984. Iṣẹ́ ìgbà ìsinmi ni, ó ń já ẹrù lára ọkọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí. Ní 1990, nígbà tó ń kàwé gboyè kejì lórí òwò, ó padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù nílùú Tulsa. Ó di ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà pátápátá ní 2014. Ron Vachris náà wa ọkọ̀ agbẹ́rù ní Price Club, ilé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá míì ní Amẹ́ríkà, ní 1982. Price Club dara pọ̀ mọ́ Costco, tó ń ṣe irú òwò kan náà, ní 1993, Vachris sì di ọ̀gá àgbà Costco ní oṣù January 2024.

Mi ò dárúkọ wọn torí kẹ́ ẹ lè rò pé ibẹ̀ ni gbogbo yín máa dé. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò ní jókòó sórí àga yẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká rí ni pé àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ ti mọ bí ọjà ṣe ń dé orí pẹpẹ kí wọ́n tó máa ṣèpinnu nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún pẹpẹ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé kéèyàn lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nídìí ṣọ́ọ̀bù, kó wá kọjá sídìí ríra ọjà, tàbí ètò ìkẹ́rù, tàbí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, tàbí báńkì, tàbí kó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ yẹn á bá a lọ.

Ẹnì kan bi mí kí n tó gorí pèpéle bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ò ní pa iṣẹ́ yìí run. Ó ti yí i padà, mo gbà. Ṣọ́ọ̀bù ti di ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù tí èèyàn rà lórí fóònù, ibi tí wọ́n ti ń wá gba ohun tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, ibi tí wọ́n ń dá ọjà padà sí. Ìyẹn ti fi kún iṣẹ́ ọ̀gá. Bí kíkà ọjà rẹ̀ kò bá péye, ẹnì kan tó wà nílé máa sanwó fún ohun tí kò sí lórí pẹpẹ.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín o, iṣẹ́ yìí ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Ẹsẹ̀ á dùn yín. Nígbà táwọn ọ̀rẹ́ yín bá ń ṣe fàájì ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí nígbà ọdún, ìgbà yẹn ni èrò máa pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín. Owó ìbẹ̀rẹ̀ lè má tó ti ẹgbẹ́ yín tó wà lọ́fíìsì. Iṣẹ́ yìí ò sì bá gbogbo èèyàn lára mu. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kí èèyàn máa dá ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́ máa jìyà níbẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú kó wá iṣẹ́ míì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn ibi tí wọ́n ń fún ọ̀dọ́ ní orúkọ ọ̀gá, tí wọn ò sì fún un ní ohun tí ọ̀gá ń lò. Wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, á máa ṣílẹ̀kùn, á máa tì í, á máa jẹ̀bi bí nǹkan bá bàjẹ́, àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kó rí ìwé èrè. Kò lè yan òṣìṣẹ́. Kò lè béèrè ọjà. Gbogbo èrè tí mo ti ń kà látàárọ̀ kò sí níbẹ̀. Ìnira nìkan ló kù. Ẹni tó bá wà nírú ibẹ̀ tó ti béèrè tí wọ́n sì kọ̀, kó máa wá ibòmíì lọ láìfi àkókò ṣòfò.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n. Ṣé màá máa rí ìwé èrè àti àdánù ṣọ́ọ̀bù yìí lóṣooṣù? Ta ló ń pinnu ọjà tó ń wọlé, èmi tàbí ilé iṣẹ́ àgbà? Ṣé màá lọ́wọ́ nínú gbígba èèyàn síṣẹ́? Ta ló máa kọ́ mi, báwo ló sì ṣe máa pẹ́ tó? Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí kẹ́yìn, ibo ló wà báyìí? Ìdáhùn sí ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn máa sọ púpọ̀ fún yín. Tí wọ́n bá ní wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tóbi sí i, ẹ tẹ́tí. Tí wọn ò bá rántí orúkọ rẹ̀, ẹ tẹ́tí sí ìyẹn náà.

Tẹ́ ẹ bá sì ti wọ iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́: iye tí ọjà tó ń sọnù jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ dé àti iye tó jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ń lọ, iye òṣìṣẹ́ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ dé, ohun tẹ́ ẹ yí padà àti ohun tó tìdí ẹ̀ yọ, títí kan èyí tí kò yọrí sí rere. Àwọn agbanisíṣẹ́ tó bá máa gbà yín lẹ́yìn náà ti rí ẹgbàágbèje ìwé tó sọ pé ẹnì kan "mọ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn." Nígbà tí wọ́n bá bi yín pé, "Kí lẹ ṣe níbẹ̀?", ẹ̀yin á lè sọ iye rẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀ àti bẹ́ ẹ ṣe ṣe é.

Mo dúpẹ́ fún etí tẹ́ ẹ yá mi. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, mo ti ṣe tán.